Bí Mo Ṣe Gbé Ìpè Àwọn Ìyá La Igbó Agbedeméjì Kọjá

Ẹ̀yin ará mi, ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí lábẹ́ igi yìí, àti ẹ̀yin tí ẹ óò ka ọ̀rọ̀ mi nígbà tí mo bá ti lọ sinmi, mo kí gbogbo yín tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìfaradà. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a jọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Olùpamọ́ wa, ẹni tó mú mi wọ igbó tó sì mú mi jáde, tí kò jẹ́ kí ẹranko fi mí ṣe oúnjẹ, tí kò sì jẹ́ kí èmi náà di ẹranko sí ọmọnìkejì mi. Bí ẹ bá gbọ́ ohun tí ojú mi rí, ẹ óò mọ ìdí tí ọpẹ́ kò fi kúrò lẹ́nu mi.

Fílípì Ọdẹ́sànmí ni mí, ọdẹ ìlú Àgbéyè. Ẹ má wo irun orí mi tó ti funfun. Nígbà tí mo lágbára, bí mo bá ti fi ẹsẹ̀ kan igbó, àwọn ẹranko á máa ta ara wọn lólobó pé ọkùnrin náà ti dé. Mo pa ẹfọ̀n kan rí tí ìwo rẹ̀ tóbi débi pé a gbé e sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kí àwọn ọmọdé máa jókòó lé e. Ìyàwó mi máa ń sọ pé ara ẹfọ̀n náà kò yá kí n tó bá a. Ẹ má dá a lóhùn, kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrìn tí mo fẹ́ sọ yìí, n kò pa ẹran kankan níbẹ̀. Ohùn ni mo gbé wọ igbó, ohùn náà ni mo sì fi jà.

Ogun bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwa àti àwọn ará Òkè-Ìgbọ́nà lórí ilẹ̀ iyọ̀ kan tó wà ní òdìkejì igbó ńlá. A rò pé yóò parí kí iṣu tuntun tó jáde. Iṣu jáde, a jẹ ẹ́ tán, a tún gbin òmíràn, a tún wa ìyẹn náà, ogun kò parí. Balógun Látúnjí ló kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin wa lọ, ọmọ mi kan ṣoṣo, Oyèkànmí, sì wà nínú wọn. Ní ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, wọ́n ṣe bí àwọn jagunjagun Àgbéyè ti máa ń ṣe láti ìgbà àwọn baba wa: ẹ̀yìn ni wọ́n fi rìn jáde ní ẹnu bodè, wọ́n kọjú sí wa, wọ́n ń kọrin, títí igbó fi gbé wọn mì.

Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ wọn nílé mọ́. Ìgbàgbọ́ ìlú wa ni pé ẹni tí a bá pè nílé yóò gbọ́ ọ lójú ogun, yóò yíjú wẹ̀yìn, ọta ìbọn yóò sì bá a bẹ́ẹ̀. Nítorí náà gbogbo wa panu mọ́. Ẹ wá wo ohun tí èyí dá sílẹ̀. Orúkọ ọmọ ni a fi ń pe ìyá ní ilẹ̀ wa. Ìyàwó mi tó ti ń jẹ́ Ìyá Oyè, kò sẹ́ni tó lè pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Òun àti gbogbo obìnrin tó ní ọmọ lójú ogun di Ìyá Ẹni-ń-bọ̀. Bí ẹ bá dúró láàrin ọjà tí ẹ ké pe Ìyá Ẹni-ń-bọ̀, ìdajì ọjà ni yóò dáhùn. Ó pa wá lẹ́rìn-ín níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, àwọn obìnrin kò lọ sílé. Wọ́n lọ jókòó sílẹ̀ níwájú ilé Baálẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn wọn. Dèbórà Àṣàkẹ́, Ìyá Ìjọ wa, tó máa ń dá orin fún wa, ló ṣe agbẹnusọ. Ọmọ tirẹ̀ náà wà lọ́hùn-ún.

“Baálẹ̀, ẹ kú ìjókòó,” ni ó wí. “A wá bẹ̀ yín pé kí ẹ pe àwọn ọmọ wa kí wọ́n máa bọ̀.”

Olóyè Láṣebíkan ló yára gba ọ̀rọ̀ náà sọ, àgbàlagbà kan tí kò kúrò lórí àga rẹ̀ láti ìgbà tí ogun ti bẹ̀rẹ̀, àfi bí oúnjẹ bá délẹ̀. “Àṣàkẹ́, ìwọ ru ìbọn rí? Kí ló kan ẹni tí kò ru ìbọn nínú ọ̀rọ̀ ogun?”

“Bàbá, n kò ru ìbọn. Oyún ni mo rù. Ẹ̀yin ńkọ́, èwo lẹ rù nínú méjèèjì?”

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín sábẹ́ gèlè. Láṣebíkan kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bí ẹ bá pè wọ́n, ọkàn wọn yóò rọ̀, wọn yóò wẹ̀yìn, ọ̀tá yóò sì gé wọn lulẹ̀. Ìfẹ́ yín gan-an ni yóò pa wọ́n.”

Ará mi, ọ̀rọ̀ yìí mú mi láyà, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ohun tí èmi náà ń rò lórí ẹní mi nìyẹn. Baálẹ̀ wa, èèyàn pẹ̀lẹ́ tí kò fẹ́ràn àríyànjiyàn, fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀, ó ní, “Balógun ló ń jagun. Bí ó bá rí i pé ó tó, yóò ránṣẹ́. Òun là ń retí.”

“Kí ẹnìkan lọ bi í nígbà náà,” ni Àṣàkẹ́ wí.

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ yíjú sí mi. Ohùn rẹ̀ kò ga ju bí ó ṣe máa ń pè mí wá jẹun lọ. “Bàbá Ẹni-ń-bọ̀, ẹ̀yin lẹ mọ igbó.”

Báyìí ni wọ́n ṣe rán mi. Ìyá kọ̀ọ̀kan tọ̀ mí wá, ó fi ẹnu sún mọ́ etí mi, ó sì fi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ oríkì tó fún ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ ìkómọ. Kí n má baà gbàgbé, mo to gbogbo wọn sínú ohùn orin ìsìn ìrọ̀lẹ́ kan, Àlàó ní ìlà àkọ́kọ́, Àmọ̀ó tẹ̀ lé e, Àkànó níbi tí orin ti ń gòkè, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fi oríkì ọmọ tèmi, Ìṣọ̀lá, sí ìparí, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń bu oúnjẹ fún àlejò ṣe ń bu tirẹ̀ kẹ́yìn. Mo gbàdúrà, mo gbé ìbọn mi kọ́ èjìká, mo sì kọjú sí Igbó Agbedeméjì, igbó tó dá ilé wa àti ojú ogun sí méjì.

N kò ní fi ibi tí mo sùn àti ohun tí mo jẹ dí yín lọ́wọ́. Ibi tí igbó ti dí tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀sán fi dà bí ìrọ̀lẹ́ ni mo ti bá Elétí-Lọ́wọ́ pàdé. Ó ga bí ọ̀pẹ, ewé ló bò ó lára, orí rẹ̀ sì ń dán bí igbá, kò sí etí kankan níbẹ̀. Inú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni etí méjèèjì wà. Bí ó bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀, ó máa na ọwọ́ sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Bí ó bá sú u, ó máa di ìkúùkù. Mo ti rí èèyàn bẹ́ẹ̀ nínú ìpàdé ìjọ wa, ṣùgbọ́n ti ìyẹn kò hàn sójú.

“Ọdẹ, dúró. Kí lo gbé?” Ó na ọwọ́ ọ̀tún sí mi.

“Ìpè ni.”

“Ta ló fi rán ọ?”

“Àwọn tó wà nílé.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ewé fi ń já bọ́ lára rẹ̀. “Àwọn tó wà nílé. Kí ni wọ́n rí rí nínú ogun?”

“Àga tó ṣófo,” ni mo dáhùn.

Ó ní òun yóò bi mí léèrè, bí n kò bá lè dáhùn, òun yóò gbin mí síbẹ̀ bí igi. Ó ní, “Kí ni ó fi orin jáde nílé, tó fi ìdákẹ́jẹ́ rìn lójú ọ̀nà?”

“Ọmọ ogun ni.”

“Ta ni ogun bá lára, tí kò rí ojú ogun?”

“Ìyá tó ń se oúnjẹ tí ó sì ń se ti ẹni tí kò sí nílé mọ́ ọn.”

“Ó dára. Ta ló wá ni ọmọ ogun? Ẹni tó rán an lọ ni, àbí ẹni tó bí i?”

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Bí mo bá ní ẹni tó rán an ni, kí ni mo wá ṣe? Bí mo bá ní ẹni tó bí i ni, ìlú kò ní ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀tá bá kanlẹ̀kùn. Mo gbé ọkàn mi sókè, mo ní, “Ọlọ́run ló ni ín. Àwọn méjèèjì tí o dárúkọ, ṣe ni a fi ọmọ ṣọ́ wọn.”

“Ìdáhùn ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn.”

“Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí.”

Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé mi láyà bí ẹni ń tẹ́tí sí ilé oyin. “Orúkọ kan wà níhìn-ín tí o ń bẹ̀rù láti pè,” ni ó wí. “Máa lọ. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra létí odò. Ẹnu ẹni tó wà níbẹ̀ dùn.” Ó di ìkúùkù méjèèjì, kò sì gbọ́ bí mo ṣe dúpẹ́.

Létí odò tó wà láàrin igbó náà, mo bá Ajogunyó. Ikùn rẹ̀ tóbi débi pé orí òkúta mẹ́ta ló gbé e kà. Fìlà àwọn ọmọ ogun ló dé sórí, ọ̀kan lórí ìkejì, wọ́n ga sókè bí abà àgbàdo. Mo mọ iṣẹ́ ọwọ́ ìlú wa lára wọn, torí pé àwọn ìyá wọn ló ran wọ́n. Ohùn rẹ̀ dùn bí ti àlejò tó wá tọrọ ìyàwó.

“Bàbá Ọdẹ, ẹ kú ìrìn. Ẹ jókòó, ẹ mu omi. Èmi ni ọ̀rẹ́ àwọn jagunjagun. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń jà ni mò ń jẹun.”

“Ọjọ́ tí wọn kò bá jà ńkọ́?”

“Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ sí mi, Bàbá. Ara mi kì í gba ààwẹ̀.” Ó bu omi sínú igbá koto kan, ó nà án sí mi. “Mo mọ ìdí tí ẹ fi wá. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é ní ìrọ̀rùn. Ẹ mu omi yìí. Ẹ óò gbàgbé gbogbo oríkì yòókù, àfi ti ọmọ yín. Èmi yóò sì fi í lé yín lọ́wọ́ lónìí, láìfarapa. Ẹ dé ilé, ẹ sọ pé àwọn tó kù kọ̀. Ta ni yóò mọ̀?”

Ẹ̀yin tí ẹ bí ọmọ kan ṣoṣo, ẹ má yára dá mi lẹ́jọ́. Ọwọ́ mi ti kan koto náà. Omi náà tutù. Mo rí Oyèkànmí tó ń wọlé, mo rí ìyá rẹ̀ tó ń dìde. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbé omi náà sókè, Àṣàkẹ́ ló wá sí mi lọ́kàn, bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ tó sọ oríkì ọmọ rẹ̀ sí mi létí, tí èémí rẹ̀ gbóná. Báwo ni n óò ṣe dúró lẹ́yìn rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì kí n sì gbe orin? Mo da omi náà sílẹ̀.

Ìtàkùn odò dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n so mí lọ́wọ́, wọ́n so mí lẹ́sẹ̀, ìbọn mi já sínú omi. Ẹnu nìkan ló kù tí mo lè lò. Mo bá bẹ̀rẹ̀ orin ìrọ̀lẹ́ náà. “Àlàó,” mo kọ ọ́, ilé ń pè ọ́. Fìlà tó wà lókè pátápátá fò kúrò lórí Ajogunyó, ó sì gba ọ̀nà ojú ogun lọ bí ẹyẹ. Ìtàkùn kan dẹ̀. “Àmọ̀ó,” mo kọ ọ́. Fìlà rẹ̀ kò mira. Mo tún un kọ, kò mira síbẹ̀. Nígbà náà ni mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, omijé sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lójú mi bí mo ti ń kọrin. Fìlà àwọn tó wà láàyè ń fò, ti àwọn tó ti kú dúró síbi tí wọ́n wà. Ajogunyó ń fọwọ́ gbá wọn mú, ikùn rẹ̀ ń joro. “Bàbá, ẹ rọra. Bàbá, ẹ jẹ́ ká tún ọ̀rọ̀ yìí sọ.” Mo kọrin dé ìlà ìparí. Ó ku Ìṣọ̀lá nìkan. Mo wò ó, mo rí fìlà ọmọ mi lórí rẹ̀, èyí tí ìyá rẹ̀ fi òwú aró ṣe ọnà sí. Bí mo bá pè é tí fìlà náà kò mira ńkọ́? Ìtàkùn ti dẹ̀ tó. Mo fa ara mi yọ, mo sọdá odò náà, mo sì sá lọ láìpe ọmọ mi.

Mo dé ibùdó ogun nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀. Àwọn ọmọ wa jókòó káàkiri, irun wọn ti kún, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì di fìlà wọn tó fò wá mú tí wọ́n ń wò ó tìyanutìyanu. Balógun Látúnjí dá dúró lẹ́yìn ibùdó, ó kọjú sí igbó tí mo ti jáde. Mo rò pé òun ni yóò kọ́kọ́ lé mi. Ó kàn béèrè pé, “Ọdẹ́sànmí, ta ló rán ọ?”

Mo ní, “Àwọn ará ilé ni. Wọ́n ní kí ẹ máa bọ̀.”

Ó jókòó sórí ilẹ̀ pẹ̀lú gbogbo oyè rẹ̀. “Nígbà tí a jáde nílé,” ni ó wí, “a búra nínú igbó, ìbúra àwọn ọmọ ogun nìkan, pé ẹni tó fi ẹ̀yìn rìn jáde kò ní wọlé àfi bí ilé bá pè é. Ẹni tó bá lọ láìpè, ìsáǹsá ni. A mọ̀ pé ẹ kò lè pè wá níbẹ̀rẹ̀. A rò pé bí ó bá tó, ẹ óò pè. Ìrọ̀lẹ́ gbogbo ni mò ń dúró síhìn-ín láti tẹ́tí. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo wá sọ fún àwọn ọmọ yìí pé ilẹ̀ iyọ̀ wu ará ilé jù wá lọ.”

“Balógun, ẹ̀yin là ń retí kí ẹ ránṣẹ́.”

“Ẹ̀yin là ń retí kí ẹ pè wá.”

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín, ẹlòmíràn sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo pe àwọn orúkọ náà. Àwọn tó gbọ́ dìde. Níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti dìde, a dúró díẹ̀ kí n tó lọ sí èkejì. Nígbà tí mo dé ìparí, mo di ojú mi, mo ní, “Ìṣọ̀lá.” Kò sí ohùn. Mo tún un pè. Kò sí ohùn. Nígbà tí mo la ojú, mo rí ọmọkùnrin kan tó ń fi ìgúnpá gún ẹnìkan tó kọ̀yìn sí mi, tó ń nu ìbọn. Ẹni náà yíjú. Oyèkànmí ni.

“Bàbá,” ni ó wí, ó sì dọ̀bálẹ̀. “Ẹ pè mí ni? Ẹ má bínú o. Ìró ìbọn ti di etí mi kan.”

Ará mi, ẹ jẹ́ kí n mí díẹ̀.

Fátókun, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun wa tí apá rẹ̀ kan ti lọ sí ogun náà, ló sọ ohun tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ wọn. “Bàbá Ọdẹ, bí a bá lọ báyìí, kí ni a fẹ́ sọ fún ìyá Àmọ̀ó?”

“N kò mọ̀, ọmọ mi,” ni mo dáhùn. “Ṣùgbọ́n òun náà wà lára àwọn tó rán mi. Kò sì sọ pé bí ọmọ òun bá ti kú, kí ti àwọn yòókù náà kú.”

Balógun dìde. “Ẹ gbọ́. Ará ilé ti pè wá, ó sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ó ṣe lọ, iṣẹ́ tiwa nìyẹn. Bí a bá yí ẹ̀yìn padà bí ẹni ń sá, wọn yóò gé wa lulẹ̀ nínú odò. Díẹ̀díẹ̀ ni a ó máa lọ, kí èéfín máa rú níhìn-ín bí ẹni pé a wà pé. Ta ni yóò dúró kẹ́yìn?”

“Èmi ni,” ni Oyèkànmí wí.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé, “Bàbá, ẹ ti pè mí, mo sì ti gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n wá bó ṣe yẹ.” Mo jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹfọ̀n tí mo pa kò le tó ìyẹn.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, Balógun sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Kò sí ẹni tó rán ọ sí èmi?” Ìyá rẹ̀ ti kú tipẹ́, kò sì sí ẹni tó rò pé Balógun náà ń retí ìpè. Mo bi í ní oríkì rẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó rántí. “Àkàngbé,” ni ó wí. Mo pè é níwájú gbogbo wọn: “Àkàngbé, ọmọ Àgbéyè, ilé ń pè ọ́.” Ó fi fìlà bojú, a sì yí ojú wa kúrò lára rẹ̀ títí ó fi ṣe tán.

Wọ́n wọlé ní ìsọ̀rí-ìsọ̀rí. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ìsọ̀rí náà ń kọjá létí odò, kìkì òkúta mẹ́ta ni wọ́n bá níbẹ̀, àti fìlà àwọn tó kú, tí wọ́n kó wá fún àwọn ìyá wọn. Ìsọ̀rí tó gbẹ̀yìn kò tètè dé. Ìyàwó mi ń gbá iwájú ilé tó ti gbá. Òjò rọ̀, ó dá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Oyèkànmí wọlé láti bodè pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé orúnkún, ó fi èjìká gbé Balógun ró, nítorí pé ẹsẹ̀ Balógun ti yẹ̀ lójú ọ̀nà.

Láṣebíkan ti ń dúró. “Balógun, ilẹ̀ iyọ̀ ńkọ́?”

“Ó wà níbi tí a bá a, Bàbá. Ọ̀nà ṣí, bí ẹ bá fẹ́ lọ wò ó.”

Láṣebíkan wo ọ̀nà náà, ó wo àga rẹ̀, ó sì sún kúrò kí Balógun lè jókòó síbẹ̀. Ìyá Oyè kò pariwo. Ó lọ dúró ní ẹ̀gbẹ́ tí etí ọmọ rẹ̀ ti ṣì ń gbọ́, ó ní, “Oyè, iyán ti délẹ̀.” Ọmọ náà jẹun títí ó fi sùn sídìí àwo.

Àwọn kan ṣì ń bi mí bóyá ó tọ́ kí ará ilé máa pe ọmọ ogun wálé. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n pè, kí wọ́n sì pè nígbà tí etí ṣì ń gbọ́. Kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tó ń bọ̀ mọ bí yóò ṣe rìn, ṣùgbọ́n kí wọ́n má jẹ́ kí ó rò pé a kò retí òun.

Ìwọ tí o gbọ́ mi títí dé ìhín, kí Ọlọ́run Baba jẹ́ kí ẹni rẹ tó jìnnà gbọ́ ohùn rẹ. Kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un la igbó kọjá. Níbi tí ìpè kò ti ní ìdáhùn, kí Olùtùnú jókòó tì ọ́, kí ó má sì dìde kánkán. Kí àlàáfíà sùn nílé rẹ, kí ó sì jí níbẹ̀. Àmín.